Ilà Abẹ́ Itan Tèmiyémi

Ṣóńṣó etí ajá ni Salome kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ náà lẹ́yìn ahéré rẹ̀ ní ọ̀nà Igangan, tí eṣinṣin bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀là tí Zachariah, ọkọ rẹ̀, fi abẹ là sí i kí ọlọ́jọ́ tó dé ṣì wà lára rẹ̀. Okùn tí Salome fi so ajá ti di méjì, ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gé e ń dán. Egungun ẹran tí wọ́n fi tan ajá jáde wà nílẹ̀.

Ní gbogbo Ìbàràpá, etí ni a fi ń dá ẹran ọ̀sìn mọ̀. Agboolé yìí á là á níwájú, tọ̀hún á bù ú lẹ́yìn. Olè yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gé àmì dànù kó tó fẹsẹ̀ fẹ.

Salome jókòó sórí ebè, ó sunkún, kò sì tijú. Láti ìgbà tí Zachariah ti kú, ajá náà, Tèmiyémi, ni ẹnìkejì rẹ̀ lóko. Òun ló ń lé ọ̀yà kúrò nínú ẹ̀gẹ́. Òun ló jẹ́ kí obìnrin kan ṣoṣo lè sùn lóko kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí kò bá sí ajá, kò sí oko, àwọn àna rẹ̀ sì ti la ẹnu sílẹ̀ de oko náà tipẹ́.

Adérógbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń pè ní Bàbá Fọlábí, ló kọ́kọ́ dé.

"Ajá lásán ni, ìyàwó. Kúkú fi oko sílẹ̀ fún wa, kó o wá jókòó sílé."

"Ẹ ṣé, Bàbá Fọlábí. Ajá ni mò ń wá, n kò wá ìjókòó."

"Kí lo fẹ́ fi dá a mọ̀? Ṣebí etí ọ̀hún lo dì sínú ewé yẹn! Àbí ti ilà àbùkù yẹn lo tún fẹ́ sọ?"

Ìbínú àtijọ́ ló rú padà. Nígbà tí ajá náà wà lọ́mọdé, Salome gbé e lọ bá Dàda olóolà, ẹni tó ń kọlà sójú àwọn ọmọ agboolé. Dàda fín ilà tín-ín-rín mẹ́ta sí abẹ́ itan òsì rẹ̀, ó fi èédú ra á títí tó fi mu awọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí. Adérógbà ní wọ́n fi ilà bàbá òun wọ́lẹ̀ lára ẹranko. Salome ní etí ṣeé gé, itan kò ṣeé gé, tòun yé òun. Bí ajá ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà Lanlate pé, Salome ti wà níbẹ̀ kí àwọn oníṣu tó sọ ẹrù kalẹ̀. Nídìí ọ̀dán kan ni ọdẹ kan tó ń jẹ́ Babáwálé ti ń ta ajá ọdẹ. Ọkùnrin náà lẹ́nu dídùn, ó lè ta òjìji fún ẹni tó ni ín. Ajá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ti gé létí, tí àyà rẹ̀ dúdú kirikiri. Bí ó ti rí Salome, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń fa okùn bí ẹni tó fẹ́ pokùn so.

"Ajá mi nìyẹn," ni Salome wí.

"Ajá tìẹ kẹ̀? Báwo ni àyà ajá tìẹ ṣe rí?"

"Funfun ni."

Babáwálé kọjú sí èrò ọjà. "Ẹ bá mi wò ó o. Ṣé funfun lẹ̀ ń wò yìí?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Salome tú ewé, ó na etí náà sókè. Babáwálé ní etí wo ni kì í jọ etí. Kí Salome tó rọ́nà kọjá láàárín èrò, ó ti ju ajá sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù kan tó ń lọ Èrúwà, òun náà sì fò sí i.

Salome gun ọ̀kadà. "Tẹ̀lé mọ́tò yẹn! Má ṣe jẹ́ kó sọnù!"

Eruku bò wọ́n lójú. Níbi tí òjò ti wú ojú títì, pikọ́ọ̀pù rọra ń wọ́. Ọ̀kadà gba inú koríko kọjá. Salome bọ́ sílẹ̀, ó sán ìró mọ́dìí, ó dúró sáàárín ọ̀nà gbọnin.

"Bí ẹ bá máa kọjá, ẹ gun orí mi kọjá!"

Babáwálé fa àdá yọ. "Ìyá yìí, kúrò lọ́nà, kí ojú rẹ má baà rí màbo."

"Ojú mi ti rí ikú ọkọ. Kí ló tún kù tó o fẹ́ fi hàn mí?"

Dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní òun kò ní tìtorí ajá pa ènìyàn, àgọ́ ọlọ́pàá Èrúwà ni gbogbo wọn ń lọ.

Sájẹ́ǹtì Mùkáílà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán ni. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lórí àga kí imú ajá má baà kàn án.

"Ẹ di ajá yẹn mú dáadáa. Ta ló ni ín?"

"Èmi ni, ọ̀gá," ni Babáwálé dáhùn. "Ilé mi ni wọ́n bí i sí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tọ́ ọ."

"Kí ló gé e létí?"

"Ọ̀yà ló bù ú jẹ."

"Ọ̀yà wo ló ń fi ọ̀bẹ jẹun? Ojú egbò yìí gún régé jù."

Salome sún mọ́ tábìlì.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi bi í: àmì wo ló tún wà lára ajá tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́?"

"Kò sí àmì kankan! Ara rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọdẹ ni mí, mo fi irin búra." Ó fi ahọ́n kan àdá rẹ̀.

"Ó ti búra," ni Salome wí. "Ilà mẹ́ta ló wà lábẹ́ itan òsì. Dàda olóolà ló kọ ọ́, ní Igbó-Ọrà."

"Yí ajá náà padà," ni sájẹ́ǹtì pàṣẹ.

Babáwálé kò yí i. Salome kò ṣe ju pé ó pe "Tèmiyémi" lọ. Ajá náà fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ilà mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n dúdú ketekete. Salome ti etí ìró rẹ̀ bọ omi àlùwàlá tó kù, ó fi nu àyà ajá. Dúdú inú òkú bátìrì, irú èyí tí wọ́n fi ń kun pátákó ìkọ̀wé nílé ẹ̀kọ́, ń bá aṣọ lọ, funfun sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Babáwálé wólẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí! Etí nìkan ni mo mọ̀. Ta ló ń kọlà fún ajá?"

"Èmi ni," ni Salome dáhùn.

Babáwálé jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọlọ́pàá kó ajá púpọ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, kò sí ọ̀kan tí etí rẹ̀ pé. Àwọn tó ni wọ́n wá láti Igangan, wọ́n wá láti Lanlate, inú wọn ń dùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn lórí ajá pupa kan, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi ìdí tirẹ̀ múlẹ̀. Babáwálé wọ àtìmọ́lé pẹ̀lú ahọ́n tó fi kan irin.

Salome padà sóko, ó sùn láìti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ sí ìgbà náà, Adérógbà yọ lójú ọ̀nà, nǹkan kan ń jà lábẹ́ dàńṣíkí rẹ̀. Ọmọ ajá ni. Kò wo Salome lójú.

"Ìyàwó, itan ọ̀tún ni àbí òsì?"

"Ilà bàbá yín kẹ̀, Bàbá Fọlábí? Lára ẹranko?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín mọ́. Dá mi lóhùn."

"Òsì ni. Ẹ di ẹnu rẹ̀ mú, Dàda kì í fẹ́ kí wọ́n gé òun jẹ. Bí ẹ bá sì délé, ẹ bá mi sọ fún àwọn yòókù pé oko mi wà níbi tó wà, ojú wa ò sì kúrò lára rẹ̀, èmi àti ajá mi."