Edé Onírù Pupa

"Jakomina, sáré wá! Ìrù rẹ̀ pupa!"

Jakomina kò sáré. Ó rọra gun òkè àpáta náà, ó sì wo inú kòtò omi tí Rosina ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ tì. Edé wẹ́wẹ́ ń fẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ nínú omi òjò tó mọ́ gaara, ìrù wọn pọ́n bí ata. Láti ìgbà tí òjò ti rọ̀ ni Tíṣà Isaak ti pín kíláàsì wọn káàkiri aṣálẹ̀, kí wọ́n wo irú edé tó wà nínú adágún kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi àmì rẹ̀ sórí máàpù. Adágún tó kan Jakomina ni èyí tó wà lẹ́yìn ọgbà ewúrẹ́ bàbá rẹ̀. Onírù funfun nìkan ló rí níbẹ̀, irú èyí tí gbogbo wọn rí.

"Ariwo ẹ ti pọ̀ jù," ni Jakomina wí. "Edé lásán nìyẹn."

"Lásán kẹ̀? Wò ó dáadáa jàre!"

Nígbà tí Tíṣà rí i, inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Ó ní irú rẹ̀ kò sí nínú adágún mìíràn lágbègbè náà. Ó ní bí òjò bá tún rọ̀, àwọn onímọ̀ yóò wá láti Windhoek, olú-ìlú wọn, wá wò ó níbi tó wà, wọn yóò sì mú ẹni tó rí i lọ bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní "Rosina onírù pupa". Orúkọ yẹn ń gún Jakomina lọ́kàn. Ta ló ń gba ipò kìíní nínú sáyẹ́ǹsì? Ṣé òun kọ́ ni? Owú náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ẹ̀rín Rosina lásán ti ń bí i nínú.

Ọ̀dá dé, kòtò náà gbẹ. Tíṣà ti kọ́ wọn pé ẹyin edé a máa wà nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ, a máa dúró de òjò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Jakomina mú ṣíbí àti ike, ó gun òkè lọ, ó ha ẹrẹ̀ náà títí ó fi kan àpáta. Inú adágún ẹ̀yìn ọgbà wọn ló lọ dà á sí.

Nígbà tí òjò rọ̀, àwọn àlejò dé. Omi kún kòtò orí òkè, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tó ń mì nínú rẹ̀.

"Rosina, ṣé kì í ṣe ata lo rí?" ni ọmọkùnrin kan wí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Omijé lé ròrò sójú Rosina.

Jakomina rí i, kò sì ṣàánú rẹ̀. "Tíṣà, ẹ wá wo adágún tiwa, sà."

Onírù pupa kún ibẹ̀ bámúbámú. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Tíṣà Isaak nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Jakomina, èmi àtìẹ la jọ yẹ ibí wò lọ́jọ́sí. Funfun nìkan la rí."

"Ẹyẹ ló gbé e wá, sà. Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹyin rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ á gbé díẹ̀, á fi ìyókù sílẹ̀. Mo rí àpá ṣíbí lára àpáta orí òkè yẹn. Ẹyẹ wo ló ń lo ṣíbí?"

Jakomina bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni."

Nítorí pé wọn kò bá edé náà níbi tí Rosina ti rí i, àwọn àlejò padà sí Windhoek láìmú ẹnì kankan. Kí àwọn edé náà tó dàgbà tó èyí tó ń yé ẹyin, àwọn ewúrẹ́ bàbá Jakomina ti mu adágún náà gbẹ. Onírù pupa kú tán.

Rosina ló wá bá a nílé. "Tíṣà ní àwọn ẹyin kan máa ń ṣọ̀lẹ, wọn kì í pa lójò àkọ́kọ́. Gbé ike ẹ, ká kó ẹrẹ̀ yẹn padà sókè."

"Rosina, ṣé o ti dárí jì mí ni?"

"Rárá o. Inú ṣì ń bí mi sí ẹ gan-an. Gbé ike, jàre."

Wọ́n kó o padà. Láti ìgbà náà, òjò kò tíì rọ̀ lórí òkè yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹyin kan ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Ohun tí owú mú kí Jakomina bà jẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè máa wá a títí ayé.