Ẹsẹ Tó Kẹ́yìn Nínú Orin Ẹtì Rere

"Aníwúrà, ohùn rẹ ti lọ sókè jù níbẹ̀ yẹn. Rọra gbé e, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn."

Bàbá Jethro, ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkìtìpupa, ló ń bá mi wí. Ó ti pé ọdún mẹ́fà, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ dùùrù ọjọ́ náà. Orin ìjìyà Olúwa la fẹ́ kọ lọ́sàn-án Ẹtì Rere, èmi ni màá sì dá ẹsẹ tó kẹ́yìn kọ. Bàbá àgbà mi ló máa ń tẹ dùùrù rẹ̀ kí wọ́n tó kú lóṣù Ṣẹẹrẹ. Láti ìgbà náà, ìyá àgbà kì í kúrò nílé wa ní Àyèká mọ́. Wọn ò tilẹ̀ sunkún. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á wá gbọ́ mi, mo sì ṣèlérí fún wọn pé màá kọ ọ́.

"Ṣé torí orin àwọn arúgbó lo ò fi ní wá síbi ọjọ́ìbí mi?" Treasure ọ̀rẹ́ mi bi mí. "Gbogbo kíláàsì wa ló ń bọ̀ sí Òde-Ayé o!"

Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́sàn-án Ẹtì Rere, mo ránṣẹ́ sí Bàbá Jethro pé ọ̀fun ń dùn mí, mo sì gun ọ̀kadà lọ síbi ọjọ́ìbí náà.

Nígbà tí mo dé lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Nígbà tó kan ẹsẹ tìrẹ, dùùrù nìkan ló ń dún," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò."

Wọn ò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì mo jẹ́wọ́ fún Bàbá Jethro náà.

"Ẹyin lohùn, ọmọ mi, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́," ni wọ́n wí. Juliet, akọrin bíi tèmi, ni wọ́n fi rọ́pò mi fún odidi ọdún kan.

Lówùúrọ̀ Àjíǹde, orúnkún ò jẹ́ kí ìyá àgbà lè jáde. Mo dúró láàárín pálọ̀, mo kọ ẹsẹ náà fún wọn láìsí dùùrù. Ní ìlà kejì, ìyá àgbà gba ohùn òkè, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà èwe wọn. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ ọ́.

"Ọkàn mi ti fúyẹ́ díẹ̀ báyìí," ni wọ́n wí, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Kí ọdún tó yí po, àwọn náà kú. Mo dúpẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ṣèlérí fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ mú un ṣẹ. Yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ lẹ́tí. Ẹni tí a já kulẹ̀ ló ń pẹ́ lọ́kàn ẹni.