Fítámì-Sí Tó Hó Lẹ́nu Màmá

Kẹ́míìsì kan ní Sama Road, ní Sokoto, ni ẹ̀gbọ́n mi Tàjúdíìn ti kọ́kọ́ rí Nabilah, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ fítámì-sí fún ìyá wa, torí ọyẹ́ ti kó ọ̀fìnkìn ràn án.

"Èwo níbẹ̀, bùrọ̀dá?" Nabilah to wọ́n sílẹ̀. "Funfun yìí, gbígbé mì ni. Aláwọ̀ ọsàn yìí, ẹ ó jẹ ẹ́ lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni, olómi inú ìgò wà. Ẹ máa ka ohun tó wà lára páálí kí ẹ tó rà á."

Ẹ̀gbọ́n mi mú aláwọ̀ ọsàn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti sín nílé wa ní Minanata, ó ti dọ̀nà Sama Road nìyẹn. Gbogbo wa ń jẹ fítámì-sí bíi súìtì. Ìfẹ́ Nabilah ti wọ ẹ̀gbọ́n mi lára, kò sì fi pamọ́.

Nígbà tó ní òun fẹ́ fi Nabilah ṣaya, Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa, ló fẹ́ kí ìyàwó ti wá. "Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Sokoto, tó ń fi Hausa lálàá! Mi ò gbà." A bẹ̀ ẹ́ títí, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò lè fẹ́ ẹ láìsí àdúrà ìyá òun, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Nabilah wá fi fítámì-sí tuntun ránṣẹ́ sí Màmá, hóró ńláńlá inú ike gbọọrọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e dé. Màmá ju hóró kan sẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe, ó rún un.

Ẹnu rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó! Ìfófòó funfun ń ṣàn dé àgbọ̀n. "Ọmọbìnrin yẹn ti pa mí o!"

"Wayyo Allah!" Indo, aládùúgbò wa, figbe ta. Ẹ̀gbọ́n mi pe Nabilah lórí fóònù, ìyẹn sì wọ kẹ̀kẹ́ dé kíá.

Ó kúnlẹ̀, ó fún Màmá lómi kó fi yọ ẹnu. Ó ju hóró mìíràn sínú ife omi, ìyẹn náà hó. Ó mu ìdajì, ó gbé ìyókù fún Màmá. "Ẹ má bínú, Màmá. Inú omi ni wọ́n ń ju èyí sí, wọ́n kọ ọ́ sára ike. Bùrọ̀dá Tàjú, ṣé ẹ ò sọ fún wọn ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi dorí kodò. "Mi ò gbọ́ ọ, olólùfẹ́ mi. Ẹ̀rín rẹ ni mò ń wò nígbà tí o ń sọ ọ́."

Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó wo Nabilah, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá rẹ gan-an nìyí! Nígbà tó ń fẹ́ mi, mo rán an ní àlùbọ́sà, ata ló rà bọ̀. Ó ní ẹwà mi ló fà á."

Ó mu ohun tó kù nínú ife tán, ó gùnfẹ̀. "Ẹni tó kọ́kọ́ mu ún kó tó gbé e fún mi, ọmọ mi ni. Nabilah, ọjọ́ wo ni ká wá rí bàbá rẹ?"

Ẹkún ayọ̀ ni Nabilah ń sun. Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn: "Lọ́la, Màmá!"

Ọ̀la náà la sì lọ. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, wọ́n ti so yìgì.