Ọwọ́ Tí Abẹ́rẹ́ Kò Nà

Títí di òní tí irun orí rẹ̀ ti funfun, bí òjò bá ń dà sórí páànù, ìró ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí tábìlì ni Akọ̀wé máa ń gbọ́. Ní yunifásítì tí ó lọ, bí wọn kò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkan, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì títí onítọ̀hún yóò fi jókòó.

Ọ̀nà méjì ni ọgbà pín sí nígbà náà: àwọn tó ń bá ìjọba fà á, àti àwọn tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín pé "ọmọ ìjọba". Ẹni tó bá ní àárín lòun wà, ọ̀tún nà án, òsì nà án. Akọ̀wé ló ń bá àwọn ajìjàgbara kọ̀wé, orúkọ rẹ̀ kò ṣẹ̀yìn ìyẹn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n jọ ń gbé yàrá, ọmọ télọ̀ tó tín-ín-rín bí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ fẹ́ nawọ́ dìbò láti pa kíláàsì tì, Akọ̀wé fa Abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọkàn òun kò balẹ̀ sí ìṣirò ìbò Alága ẹgbẹ́; kó lọ jókòó sẹ́yìn, kó máa ka ọwọ́ jẹ́jẹ́, kó má sì na tirẹ̀ kí iye má baà dàrú. Abẹ́rẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í rí i pé kò nawọ́, ó sì lọ sọ fún Alága.

Lọ́jọ́ kejì, Alága gbé e dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó bi í pé kí ló dé tí kò nawọ́. Abẹ́rẹ́ ní kíkà lòun ń kà.

"Ta ló ní kó o kà?"

Abẹ́rẹ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn yíjú sí Akọ̀wé, ó ń retí. Bí Akọ̀wé bá jẹ́wọ́, Alága á mọ̀ pé ó fura sí ìṣirò òun.

"Ẹ má wojú mi o," ni Akọ̀wé wí. "N kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Ti Akọ̀wé ti bọ́, ó ti fọ́. Tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ẹnu Abẹ́rẹ́ ń mì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Kó tó dé yàrá, ibùsùn rẹ̀ ti wà nínú gọ́tà, wọ́n ti fi èédú kọ "ọmọ ìjọba" sára ilẹ̀kùn.

Ó di ẹrù rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà sí Akọ̀wé.

"Igba ó lé mẹ́rin ni mo kà," ló wí. "Ìṣirò Alága pé."

Kò padà sí yunifásítì mọ́. Ìdí máṣíìnì bàbá rẹ̀ ló jókòó sí, nígbà tí Akọ̀wé gboyè, tó sì re òkè òkun. Ogójì ọdún ni Akọ̀wé fi ń kọ lẹ́tà sí Abẹ́rẹ́, tó ń fà á ya.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹgbẹ́ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín ra ojúure ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ á tú ká, ojú onítọ̀hún kò ní kúrò lọ́kàn yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí Abẹ́rẹ́, àti sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ṣì lè kàn sí:

"Abẹ́rẹ́, èmi ni mo ní kó o kà. Èmi ni mo ní kó o má nawọ́. Ẹ̀rù Alága bà mí, mo sì sẹ́ ọ. Ìwọ kọ́ lo dalẹ̀."