Omi Kan fún Ogójì Adìẹ

Adìẹ kọkànlá ni ìfun rẹ̀ bẹ́. Ìgbẹ́ ṣàn sára ẹran náà, ó sì kán sí ọwọ́ Àǹtí Ọ̀bẹ. Ó ti pé ogún ọdún tí obìnrin yìí ti ń tú ìfun adìẹ nílé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀. Kò sí ẹni tí irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tí èèyàn bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago. Ogójì adìẹ ni ilé ẹ̀kọ́ kan ń retí kó tó di ọ̀sán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jù ú sínú omi tí mẹ́wàá yòókù wà jàre. Yìnyín wà níbẹ̀."

"Ọwọ́ mi ti jù ú síbẹ̀ kí n tó rò ó. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Mo fẹ́ da omi yìí nù."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó la fẹ́ pọnmi? Omi kan fún ọjà kan. Òfin bàbá nìyẹn."

"Nígbà tí bàbá ń ṣòfin, orí ni ìyá wa fi ń ru omi. Ẹ̀rọ omi ló wà lẹ́yìn rẹ yẹn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Omi tútù á pa kòkòrò tó bá wà níbẹ̀."

"Kò ní í pa á. Wolé-wolé sọ ọ́ fún wa lóṣù tó kọjá, fóònù lò ń tẹ̀. Omi tútù kàn ń dí kòkòrò lọ́wọ́ kó má tètè pọ̀ ni. Bí ìka kan bá tọ́ epo, á ran ìyókù. Gbogbo adìẹ tó wà nínú omi yìí ló ti pín nínú ìgbẹ́ yẹn."

"Ṣebí wọ́n á sè é."

"Wọ́n á sè é o, tó bá sì jinná, kòkòrò inú rẹ̀ á kú. Ọwọ́ tó kó ẹran yẹn ńkọ́? Ọ̀bẹ tí wọ́n á fi gé tòmátì táwọn ọmọ máa jẹ ní tútù ńkọ́? Ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ mẹ́rin ló gbé ìyá wa dé ọsibítù. Ọmọ ọdún mẹ́fà wo ló lè fara da ìyẹn? Ọmọ tìrẹ náà ń jẹun nílé ẹ̀kọ́ yẹn."

Ọ̀gá tún wo aago. Ó ní, "Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ńkọ́? Ta ló tiẹ̀ ni ilé iṣẹ́ yìí?"

"Ìwọ lo ni ín. Èmi ni mo ni ọwọ́. Ọwọ́ yìí kò ní í ti adìẹ kankan bọ omi yìí mọ́. Bí o bá fẹ́, ọ̀bẹ rèé, wá tú u fúnra rẹ."

Ọ̀gá wo ọ̀bẹ náà. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti fọwọ́ kan ìfun adìẹ gbẹ̀yìn.

Àǹtí Ọ̀bẹ kó adìẹ mọ́kọ̀ọ̀kànlá sọ́tọ̀, ó sì da omi náà nù tìyìnyín-tìyìnyín. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ike, tábìlì, ọ̀bẹ àti ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ló gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ọjà yín máa pẹ́ díẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló sì máa jẹ́. Àṣìṣe tiwa ni."

Àǹtí Ọ̀bẹ kò yìn ín. "Wẹ ọwọ́ rẹ," ló wí, "kí o wá pọnmi tuntun."

Ẹ̀yin tí ẹ ń pa adìẹ tà, ẹ má fi omi ìdọ̀tí ti adìẹ kan fọ òmíràn. Ìfun tó bá bẹ́, ẹ yọ ẹran náà sọ́tọ̀, kí ẹ fọ gbogbo ohun tó kàn kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná, ẹ má tún adìẹ tútù fọ̀ nílé ìdáná, torí omi rẹ̀ máa ń ta sí abọ́ àti oúnjẹ mìíràn. Ẹ ya ọ̀bẹ rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ sì sè é jinná dé eegun. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ ti ẹran bọ omi ìgbẹ́ torí pé aago ń lọ, ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ò ṣe.