Ohun Tí Asẹ́ Bọ́ Lára Virgil

Omi adágún ìwẹ̀ náà mọ́ gaara débi pé èèyàn lè rí abẹ́rẹ́ tó bá já sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ aago tó ń wọn agbára omi lórí asẹ́ ń gòkè. Ohun tó kọ́kọ́ kọ Lorna Haskett lóminú nìyẹn.

Lorna kì í ṣe obìnrin tí ẹ̀rù ń tètè bà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ilé tí òun àti Virgil ọkọ rẹ̀ sì ti gbé ní Arizona ló ní adágún ìwẹ̀ lẹ́yìnkùlé, nítorí oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn fọ asẹ́ bó ṣe ń mọ̀ pé búrẹ́dì ti jinná láì ṣí ààrò. Tó bá ti fọ̀ ọ́ tán, á fa ìlà pupa síbi tí ọwọ́ aago dúró sí. Bí ọwọ́ náà bá ré ìlà kọjá dáadáa, tí omi tó ń tú jáde lára ògiri adágún sì ń ṣe jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ṣàìsàn, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ti há asẹ́ lọ́fun nìyẹn. Kò tíì tó bẹ́ẹ̀? Kó o fi í sílẹ̀. Asẹ́ tí wọ́n ń fọ̀ ní gbogbo ìgbà kì í mú nǹkan. Ìdọ̀tí díẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ló ń bá a di ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ mú.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ìlú Mesa yìí, tòun ti asẹ́ onílé àtijọ́, aago kò tẹ̀ lé òfin kankan. Bí Lorna bá wẹ̀, ọwọ́ aago kì í mira. Bí Virgil bá wẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ọwọ́ aago á ti kọjá ìlà.

"Virgil, kí lo fi ń pa ara kó o tó wọ omi?"

"Ẹwà ni. Ó pọ̀ jù lára mi, ó ń ṣí."

Lorna rẹ́rìn-ín, ó sì lọ ṣí àgbá asẹ́. Ó fa asẹ́ náà jáde, ó rí bí síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ́ ní pìlíìtì yíká. Ewé àti eruku ló rò pé òun máa bá níbẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ nǹkan kan tó dà bí eérú, ó kúnná, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń rùn bíi koríko gbígbẹ àti ẹṣin. Kò sí ẹlẹ́ṣin kankan ní àdúgbò wọn. Ó dojú rọ́bà omi kọ ọ́. Bí omi ṣe bà á, ohùn obìnrin kan sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìró omi náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Virgie, wọlé wá jẹun."

Ìyá Virgil tó ti kú nìkan ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀. Lorna pa omi. Ohùn náà dákẹ́. Eérú náà ti ṣàn sínú òkúta wẹ́wẹ́, ilẹ̀ gbígbẹ sì ti mu ún tán.

Níbi oúnjẹ ọ̀sán, Virgil ń wo àwòrán kan lára ògiri.

"Obìnrin yìí lójú àánú o. Ta ni?"

"Virgil, ìyá ẹ ni."

"Irọ́!" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Dókítà ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Lorna kò bá a jiyàn. Ó padà sílé, ó sì kọ̀, kò fọ asẹ́ mọ́, kí ilẹ̀ má bàa tún mu nǹkan kan lára ọkọ rẹ̀. Ó bẹ Virgil pé kó má wọ omi náà mọ́. Virgil gbà, ṣùgbọ́n bí Lorna bá ti lọ sọ́jà, á tún wọ inú rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀ tó o ń wá?"

"Ó ń tù mí lára, Lorna. Bí ìgbà téèyàn gbẹ́rù sílẹ̀."

Ọwọ́ aago ré ìlà pupa kọjá jìnnà. Bí Lorna bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àgbá asẹ́, á gbọ́ ọ tó ń kùn nínú, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n tìlẹ̀kùn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Virgil jáde wá bá a nínú ilé ìdáná, ó dúró bí àlejò, ó rọra ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú o. Ilé ta nìyí?"

Ọkùnrin tó ti ń fi "ìwọ" bá a ṣeré láti ìgbà èwe wọn ló ń sọ "ẹ" sí i yìí. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn gún Lorna ju ìbéèrè náà lọ. Ṣùgbọ́n kò sunkún. Ó jáde, ó pa ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó gbé asẹ́ náà mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ, ó sì rì í sínú ọpọ́n ìwẹ̀ tó kún fún omi mímọ́. Ó ń fún un, ó ń fa ìṣẹ́po rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ìdí tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí, títí omi ọpọ́n fi dúdú bí èédú.

"Wọlé síbẹ̀."

"Ẹ fẹ́ kí n wọ inú ìyẹn?"

"Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọlé."

Virgil wọlé. Lorna ń bu omi náà lé e lórí. Bó ṣe ń bù ú, bẹ́ẹ̀ ni omi ń mọ́ sí i. Nígbà tó mọ́ tán, Virgil gbójú sókè.

"Lorna, kí ló dé tójú ẹ fi pọ́n báyìí? Ta ló ṣe ẹ́?"

Ìgbà náà ni Lorna tó sunkún. Ó bi í léèrè ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Virgil sọ bí ọkọ̀ ṣe kú sójú òjò, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ìyá rẹ̀ nìkan ni kò padà. Ilẹ̀ ti mu ìyẹn.

Lorna ń fi tówẹ́ẹ̀lì nu ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí Virgil tún sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń béèrè bóyá wọ́n ti mú lẹ́tà wá.

"Gwen ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbé e kúrò lábẹ́ sìmẹ́ńtì?"

"Gwen wo?"

"Níbi tí adágún jìn jù. Èmi ni mo da sìmẹ́ńtì lé e." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ó ṣì ń mí."

Ní ọjọ́ ayé Virgil, kò po sìmẹ́ńtì rí. Olùkọ́ orin ni.

Lorna gbé tówẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Ó dìde, ó pe ọlọ́pàá. Ó ní òun gbà pé wọ́n sin èèyàn sílé òun, kí wọ́n mú irinṣẹ́ tó lè fọ́ kankéré wá. Ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin débi pé wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n fa omi gbẹ, wọ́n fọ́ ilẹ̀ níbi tó jìn jù, wọ́n sì kan egungun obìnrin. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, Virgil kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ní, "Gwen, má bínú."

Wọ́n wá ọkùnrin tó gbẹ́ adágún náà, tó sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó ta ilé, kàn ní ilé àwọn arúgbó. Ara rẹ̀ le, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fi àwòrán Gwen, ìyàwó rẹ̀ tó sọnù, hàn án. Ó ní òun kò rí obìnrin náà rí láyé òun. Ọlọ́pàá tó bi í léèrè sọ fún Lorna pé òun ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ òun, èyí kò jọ irọ́.

Lorna ní kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ dí adágún náà. Kò bẹ̀rù ọkọ rẹ̀; ó mọ ọwọ́ tó ṣe é, ó mọ ọwọ́ tí kò ṣe é. Virgil ni kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá ń jẹun, á gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Lorna, tún un sọ fún mi. Níbo ni mo wà lọ́dún tí wọ́n sin Gwen?"

"Nebraska lo wà. Ò ń kọ́ àwọn ọmọ lórin. Èmi pẹ̀lú ẹ la jọ wà níbẹ̀."

"Òótọ́ ni," Virgil á dáhùn, á sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo gbà ẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí bí Gwen ṣe ń wò mí."