Kílíìtì Ọláníyan

"Ẹ wá wo obìnrin tó ń bá òwú jà!"

Ọ̀rọ̀ tí Olúsọjí ahunṣọ kọ́kọ́ sọ sí Àtọ́kẹ́ nìyẹn, lọ́jọ́ tí ìyẹn kọ́kọ́ jókòó sídìí òfì rẹ̀ ní Ìkìrun. Inú bí ọmọbìnrin náà, ó pòṣé.

"Bùrọ̀dá, mi ò wá ṣeré o. Ìyá ọkọ mi ló ní kí n wá kọ́ṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ ti wà nílẹ̀. Ọláníyan ọmọ Òkukù ń gbé ní Sikọ́tíláǹdì, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń wọ kílíìtì, aṣọ ṣẹ́ẹ̀kì oníṣẹ́po tó mọ lórúnkún, lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Irú ẹ̀ ló fẹ́ wọ̀, ṣùgbọ́n òfì ni kí wọ́n fi hun ún, ìyàwó fúnra rẹ̀ ni kó sì hun ún.

Àtọ́kẹ́ ò rí i rí ju inú fóònù lọ. Ṣùgbọ́n Dàmọ́lá, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ilé Ọláníyan ló ń gbé tó fi ń lọ yunifásítì. Ìyá wọn ní Inísà ti sọ ọ́ tán: "Tóo bá kọ̀ ọ́, títì ni àbúrò rẹ á sùn." Ta ni yóò wá lóun ò fẹ́?

Iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì ò gba ìwàǹwára. Bí àwọ̀ ṣe tò lóròó ni yóò tò níbùú, torí tí wọ́n bá rán abala kan mọ́ èkejì, ìlà gbọ́dọ̀ pàdé ìlà. Ọjọ́ tí Ọláníyan bá ti pe Àtọ́kẹ́ láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wúwo, á máa gbá òwú pọ̀ gbàgbàgbà, gbogbo igun ṣẹ́ẹ̀kì á sì kúrú ju bó ṣe yẹ lọ.

"Tú u," Olúsọjí á ní. "Inú ń bí ẹ. Aṣọ ò mọ irọ́ í pa."

Wọ́n á jọ tú u. Ó ní sùúrù, ọkùnrin yẹn! Á ra ẹ̀pà sísè fún un, á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, igun bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gba. Ẹ̀rù ba Àtọ́kẹ́, torí ó mọ ìdí tí ọwọ́ òun fi fúyẹ́. Ó ti nífẹ̀ẹ́ Olúsọjí.

"Àtọ́kẹ́ mi," ọkùnrin náà pè é lọ́jọ́ kan, ó sì wolẹ̀. "Má dáhùn. Aṣọ ọkọ ẹ la wà lórí ẹ̀."

"Mo gbọ́ yín," ó ní. "Dídáhùn ni mi ò lè dáhùn."

Lọ́jọ́ tí wọ́n rán an tán, Ìyá Ọláníyan wá láti Òkukù, ìyá Àtọ́kẹ́ náà wá láti Inísà.

"Olúsọjí, ìbàdí rẹ jọ tọmọ mi," Ìyá Ọláníyan ní. "Bá wa wọ̀ ọ́ wò."

Ó ró o bí ìró, ó kó gbogbo ìṣẹ́po síwájú, ó wá ki etí rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́. Àwọn ìyá méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹ̀yìn ni ìṣẹ́po ń gbé, Bùrọ̀dá Sọjí," Àtọ́kẹ́ ní. Ó kúnlẹ̀, ó yí i padà, ó to ìṣẹ́po ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó de bẹ́líìtì rẹ̀. Ó yẹ ọkùnrin náà jù. Omi lé ròrò sójú Àtọ́kẹ́.

Ìyá Ọláníyan ti na fóònù sí wọn. Ọláníyan àti Dàmọ́lá ló ń wò wọ́n níbẹ̀.

"Ó dáa," Ọláníyan ní. "Ẹ ní kó bọ́ ọ kó tó dọ̀tí."

Dàmọ́lá ní tirẹ̀, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò títí wọ́n fi pa fóònù.

Olúsọjí fọwọ́ kan bẹ́líìtì. Àtọ́kẹ́ gbá ọwọ́ náà mú.

"Má bọ́ ọ, Sọjí. Ìwọ ni mo hun ún fún."

"Yéè!" ìyá rẹ̀ figbe ta. "Dàmọ́lá ńkọ́?"

Ìyá Ọláníyan tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní ọmọ òun ò wá obìnrin tì, kí wọ́n máa gbé kílíìtì wọn jẹ. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kíá ni Àtọ́kẹ́ pe àbúrò rẹ̀. "Dárí jì mí, Dàmọ́lá. Mo ti bà á jẹ́ fún ẹ."

"Àǹtí mi, mo rí ojú yín. Mo ti ń di ẹrù mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní yàrá, a ó jọ há ara wa mọ́ ọn. Ẹ̀yin ni mi ò fẹ́ kí wọ́n dè mọ́lẹ̀ tìtorí mi."

Ìyá wọn gba fóònù, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó kọjú sí ahunṣọ.

"Olúsọjí."

"Mà!" Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti kílíìtì.

"Dìde, jọ̀ọ́, dìde! Lọ wọ ṣòkòtò rẹ, kóo lọ sọ fáwọn ẹbí rẹ pé mò ń retí wọn n'Ínísà."